Àgbélébùú Tó Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí. Tọ̀tún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta péré ló ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu nínú rẹ̀. Òòlù ti fọ́ méjì yòókù kọjá àtúnṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì káàánú mi. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ọwọ́ náà ṣe kí òòlù tó bá a.

Géèmù àtijọ́ ni mò ń tún ṣe. Àwọn oní-kásẹ́ẹ̀tì ìgbà kan, èyí tí a máa ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí nídìí nígbà tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́. Mo ń tú wọn, mo ń nù wọ́n, mo ń jó òjé sí wọn lára títí òkú yóò fi jí. Àwọn oníbàárà ń pè mí ní Dókítà.

Òfin kan ni ọ̀gá mi fi lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira: "Ohunkóhun tó o bá tú, fi àmì rẹ sí inú rẹ̀ kó o tó dé e padà. Ọjọ́ tí oníbàárà bá ní o pààrọ̀ ẹrù òun, àmì yẹn ni ẹlẹ́rìí rẹ." Ọmọ ìjọ ni mí, ẹni tí wọ́n fi àdúrà àti ìwàásù tọ́. Àgbélébùú kékeré ni mo yàn. Bírò pupa ni mo fi ń yà á sí etí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, màá wá kọ oṣù àti ọdún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń ṣe é. Ó ti di ohun tí ọwọ́ ń ṣe láì bi orí léèrè.

Ẹ fi àgbélébùú yẹn sọ́kàn.

Bàbá wa ta géèmù nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ilé iṣẹ́ méjì ń jà lórí géèmù kan, ta ló ni ín, ta ni kò ni ín. Ilé ẹjọ́ ní kí gbogbo ẹni tó ń tà á fọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ túútúú. Géèmù náà kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí àtẹ. Bàbá kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú òòlù. Èmi ń gbé wọn fún un, ẹ̀gbọ́n mi ń kó àfọ́kù wọn sínú àpò. Ogójì ni wọ́n. Títí dòní ni mo ń gbọ́ ìró náà, kà! kà! kà! bí ẹni ń fọ́ egungun.

Nígbà tó ku ẹyọ kan, Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tì í bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

"Kí lẹ rí?"

"A ò rí nǹkan kan, Bàbá."

"Ọmọ dáadáa."

Nígbà tó ń kú lọ, ó gbé géèmù náà lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ nínú ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ fi dì í, ó sì fi òòlù náà kún un. Ó ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ tà á o, àfi bó bá di ọ̀ràn ikú òun ìyè." Èmi jogún àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, àti páálí òfìfo kan, irú èyí tó máa ń gbé sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kí àwọn ènìyàn lè rí àwòrán ara géèmù náà.

Wẹ́dà ni ẹ̀gbọ́n mi. Àrá ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, wọn kò sì pè é bẹ́ẹ̀ lásán. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọkùnrin kan gbá mi létí lórí ìlà omi. Ẹ̀gbọ́n mi kò bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ó gbé ọkùnrin náà sókè, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lu géètì onírin títí géètì fi yẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí mi: "Kí lo ṣe fún un?" Òun ló sanwó iṣẹ́ tí mo kọ́, láti inú iná àti èéfín tó ń jẹ ẹ́ lójú. Ẹni tí mo wá dalẹ̀ nìyẹn.

Èṣù kò hu ìwo nígbà tó ń bọ̀ wá bá mi. Ìbọ̀wọ́ funfun ló wọ̀.

Oníbọ̀wọ́ ni mo sọ ọ́, nítorí kì í fọwọ́ lásán kan géèmù. Olùkójọ ni. Géèmù kún yàrá mẹ́ta nílé rẹ̀, kì í sì í gbá ìkankan nínú wọn. Èmi ni mò ń bá a nu èyí tó bá dọ̀tí. Lọ́jọ́ kan tó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo bi í pé kí ló dé tí ènìyàn yóò fi owó tó lè kọ́lé ra ohun ìṣeré ọmọdé.

"Dókítà, o rò pé ọjọ́ orí ló ń mú wọn wọ́n?"

"Ṣebí ohun àtijọ́ ni."

Ó fi ẹsẹ̀ ta kásẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù kan tí mo fi gbé ẹsẹ̀ tábìlì. "Èyí dàgbà ju ìyàwó mi lọ. Ta ló ń wò ó? Gbogbo ilé ló ní in. Èyí tó ń wọ́n ni èyí tí wọ́n ṣe díẹ̀, tàbí tó jáde nígbà tí ẹ̀rọ tó ń gbé e ti ń kú lọ, tí ẹnikẹ́ni kò rà á mọ́. Àwọn ọmọdé ya páálí, wọ́n fi ìwé inú rẹ̀ ṣe ọkọ̀ ojú omi. Páálí tó yè wá ń níye lórí ju kásẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ lọ. Àwa tí a jẹ́ ọmọdé nígbà náà la lówó lọ́wọ́ báyìí. Ìgbà èwe wa là ń rà padà."

"Èyí tí wọ́n ní kí wọ́n fọ́ ńkọ́?"

Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ dúró lójú kan. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wá ọ̀kan tó ṣì wà nínú ọ̀rá. Ṣé o mọ ohun tó sọ ọ́ di ọba? Wọ́n pa gbogbo àwọn arákùnrin rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e wá fún mi, kò tún ní tẹ̀ba ṣiṣẹ́ mọ́ láyé."

Ẹ̀yin ará, ojúkòkòrò kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń kọ́kọ́ tọrọ àga ni. Mo ní mo kàn ń rò ó. Mo ní Bàbá kò yẹ kó fún ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí kò mọ géèmù yàtọ̀ sí bíríkì. Mo ní èmi ni mo gbé wọn lé Bàbá lọ́wọ́. Mo tiẹ̀ gbà á ládùúrà! Mo kúnlẹ̀, mo ní bí kì í bá ṣe ìfẹ́ Rẹ, Olúwa, dí mi lọ́nà. Nígbà tí kò rán ẹnikẹ́ni wá gbá mi lójú, mo ní ọ̀nà là.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n gbé ohun Bàbá lọ yẹ̀ wò. Ọ̀rinrin lè ti máa jẹ páálí rẹ̀."

Kò tiẹ̀ dìde. "Ó wà nínú àpótí aṣọ. Gbé e. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Ìyàwó rẹ̀ bá mi wé e sínú tówẹ̀lì. "Rọra gbé e o, àbúrò ọkọ mi."

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbé páálí òfìfo tí mo jogún jáde. Ojúlówó ni, àwòrán kan náà, àwọ̀ kan náà. Kí ó lè wúwo, mo nawọ́ mú kásẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe tán lórí tábìlì, mo jù ú sínú rẹ̀. Mo fi ọ̀rá tuntun dì í, mo fi irin gbígbóná lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀, mo fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i títí ọ̀rá fi fún mọ́ páálí bí awọ mọ́ eegun. N kò ro ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà rárá. Ta ni yóò tú u? Ohun tó bá wà nínú ọ̀rá, ẹnikẹ́ni kì í ṣí i. Àìṣí yẹn gan-an ni owó rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta mo dá a padà. Oníbọ̀wọ́ gba ojúlówó, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mo fi owó tó san fún mi ra ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì lójú títì ńlá. Mo sì yọ ìdámẹ́wàá owó náà, mo gbé e lọ síwájú pẹpẹ, mo ń jó. Ìjọ ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́: mo jalè tán, mo fún Ọlọ́run ní ìpín tirẹ̀.

Oṣù mẹ́fà kò tíì pé tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣubú lulẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ọkàn rẹ̀ ni. Dókítà, dókítà gidi, ní àfi kí wọ́n là á, kí ó má sì kọjá oṣù kan. Ẹ̀gbọ́n mi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ léjìká, tówẹ̀lì náà lábẹ́ apá.

"Ó ti di ọ̀ràn ikú òun ìyè," ó ní. "Tẹ̀ lé mi. Ìwọ lo gbọ́ èdè wọn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù díẹ̀, ọjà kò dá—"

"Sùúrù wo? Ṣé o fẹ́ sin ìyàwó mi ni?"

Nínú bọ́ọ̀sì, mo la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹrin láti jẹ́wọ́, mo sì pa á dé lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo rò pé adíyelé tí à ń lọ bá, ẹni tó máa ń sọ iye tí géèmù tó, yóò sọ pé ayédèrú ni, ẹ̀gbọ́n mi yóò rò pé wọ́n ti rẹ́ Bàbá jẹ láti ilẹ̀, èmi yóò sì fi owó tó kù lọ́wọ́ mi sọ ara mi di olùgbàlà. Èmi! Olùgbàlà!

Olójú-Mẹ́rin ni gbogbo wa ń pe adíyelé náà nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn bí ìdí ìgò. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tóóró, géèmù to láti ilẹ̀ dé àjà. Ó gba páálí náà, ó gbé e lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé níbi tí iná rẹ̀ wà. Kò pẹ́ rárá tó fi jáde.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Páálí yìí, ojúlówó ni. Ọ̀rá yìí, ayédèrú. Ti ilé iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ máa ń gba ẹ̀yìn kọjá ni. Ti èyí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ ènìyàn ló dì í, kò sì tíì pẹ́."

"Bàbá mi ló gbé e fún mi."

"Mi ò bá bàbá yín jà. Ọ̀rá ni mò ń sọ."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ lórí káńtà. "Mo gbé ojúlówó wọlé. O gbé e wọ ẹ̀yìn aṣọ yẹn, o wá gbé pàǹtí jáde. Ṣé ojú mi jọ ti mùgù ni?"

"Ẹ wọlé wá wò ó. Àga kan àti iná ló wà níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ. Èmi ló yíjú sí. "Ìwọ. Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ìyá rẹ̀. Ṣé èyí la gbé wá?"

Olójú-Mẹ́rin náà wò mí. Ọjà rẹ̀ ni mo ti ń tún ṣe láti ọdún mẹ́jọ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé mo mọ òótọ́. "Dókítà, bá mi ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí kọ́. Èyí kọ́ la gbé wá."

Gbólóhùn kan ni. Kò gùn ju èémí lọ. Ojú ọmọlọ́mọ ni mo fi rà á.

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ bá a lórí awò. Mo gbọ́ tí gíláàsì fọ́, mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ké bí ẹran, mo sì rí i tí ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ yọ. Ẹ̀gbọ́n mi fò kọjá káńtà. Ó gbé e lu àtẹ, kásẹ́ẹ̀tì rọ́ lé wọn lórí bí yìnyín. Ó ń tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ bi í léèrè: "Níbo ló wà? Níbo lo gbé ìyàwó mi sí?" Ìyàwó ló ní, kì í ṣe géèmù.

"Dókítà!" ọkùnrin náà ń ké. "Dókítà, sọ fún un!"

Mo dúró gbagidi. Mo gbàdúrà pé kí ó dákú, kó yéé pè mí.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ń mí bí ẹwìrì. Ó fa òòlù Bàbá yọ nínú àpò irinṣẹ́. Ó fa ọ̀rá ya, ó da kásẹ́ẹ̀tì inú páálí sórí káńtà, ó rí àwòrán agbábọ́ọ̀lù lára rẹ̀.

"Bọ́ọ̀lù! Bọ́ọ̀lù lo fi rọ́pò ohun bàbá mi!"

Kà!

Ike rẹ̀ fọ́ sọ́tùn-ún sósì. Pátákó aláwọ̀ ewé inú rẹ̀ fò sókè, ó ṣubú lulẹ̀, ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó sì dojú sókè níwájú bàtà ẹ̀gbọ́n mi.

Àgbélébùú kékeré. Bírò pupa.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú rédíò rẹ̀, ó wà nínú aago ògiri rẹ̀, ó wà nínú gbogbo ohun tí mo ti bá a tún ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó gbé e sún mọ́ ojú tí iná wẹ́dìn ti jẹ.

"Oṣù kẹta ọdún yìí," ó kà á sókè. "Oṣù kẹta. Oṣù tó o wá yẹ ọ̀rinrin wò."

Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

Ó di ọwọ́ ọ̀tún mi mú jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dì í mú ní kékeré bí a bá fẹ́ sọdá títì. Ó tẹ́ ẹ sórí káńtà. Ó tú ìka mi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì—"

"Ọwọ́ tí mo sanwó kọ́ níṣẹ́ rèé?"

Kà!

Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ìró egungun ara rẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó gbọ́ ọ. Ìró kan náà ni, ìró ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Ó tún gbé e sókè. Kà! Mo ti wà lórí eékún, ọwọ́ mi ṣì wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà kẹta, òòlù náà kò wo ọwọ́ mi mọ́. Orí mi ló ń wò.

Ohun kan rá kòrò lórí ilẹ̀, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì. Olójú-Mẹ́rin ni, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, kò ríran rárá.

"Ìyàwó yín!" ó ń ké. "Ẹ ní ìyàwó kan! Bí ẹ bá pa èyí, ta ni yóò jókòó tì í nílé ìwòsàn?"

Òòlù náà dúró sójú òfuurufú. Ẹ̀gbọ́n mi jù ú sílẹ̀, ó jókòó sáàárín àfọ́kù, ó sì hu bí ìkookò. Mo ní ó hu. Kì í ṣe ẹkún.

Ọkùnrin tí mo tà yìí ló bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, tó fọwọ́ wá ọwọ́ mi, tó dì í. Ó ní, "Dókítà, o mọ̀." Ìyẹn nìkan ló sọ. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì gbọ́ ìwàásù tó gùn jù ú lọ.

Ojú òsì rẹ̀ kò là mọ́. Ní ilé ẹjọ́, nígbà tí wọ́n bi í lórúkọ ìnagijẹ, ó ní, "Ẹ yí i padà o, Olójú-Mẹ́ta ni mo dà báyìí." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín àfi òun. Ẹ̀gbọ́n mi gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin nítorí ojú ọkùnrin tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Èmi gba oṣù mẹ́jọ nítorí olè. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Kí n tó wọlé, mo ta ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì, mo ta gbogbo irinṣẹ́ Bàbá, wọ́n sì la ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ó yè. Ní ti géèmù náà, Oníbọ̀wọ́ ti tà á sókè òkun kí ọlọ́pàá tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó wà nínú àpótí gíláàsì kan báyìí, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbá a títí ayé.

Oníbọ̀wọ́ ní ohun tó sọ géèmù náà di iyebíye ni pé ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni ìyá mi bí ṣáájú mi. Wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Mo fọwọ́ ara mi tú u kúrò nínú ọ̀rá, kò sì sí ọgbọ́n iṣẹ́ tí mo mọ̀ tó lè dì í padà. Ẹ̀yin tó ń fojú wọ̀n ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ ìyá yín, ẹ tún un wọ̀n.

Ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi kọ̀ láti rí mi. Lóṣù tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò wọlé, kò kí mi. Ó kàn ní, "Ó ní kó o wá."

Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, tábìlì kan ló wà láàárín wa, irin ni, wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. Ó ti hewú.

"Ọwọ́ ńkọ́?"

"Ó ń san, ẹ̀gbọ́n mi."

"Gbé e wá."

Mo tẹ́ ẹ sórí irin náà gẹ́gẹ́ bó ṣe tẹ́ ẹ sórí káńtà lọ́jọ́ kìíní. Ó wo ìka méjì tó ti ká kò náà. Ó gbìyànjú láti nà wọ́n, jẹ́jẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò nà. Ó wá di gbogbo ọwọ́ náà mú, bí ẹni tó fẹ́ mú ọmọdé sọdá títì.

Ó dì í mú bẹ́ẹ̀ títí agogo fi lù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́dà ní kó fi ọwọ́ mi sílẹ̀.